Ẹni Tó Máa Rán Aṣọ Ni Kó Dá Ọjọ́

Àwa mẹ́rin la jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Èjìgbò. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti pẹ́ ní Àbíjàn kí wọ́n tó padà wálé, Tàǹtí, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí lọ́hùn-ún, ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kì í ṣe ìkà, àmọ́ wọn ò lè sọ fún oníbàárà pé rárá.

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá ni wọ́n máa ń dá lóhùn pé, "Ó máa jáde lọ́jọ́ Jímọ̀." Wọn kì í bi àwa tá a máa rán an. Bí aṣọ ò bá wá jáde, àwọn oníbàárà á máa pè wá lórí fóònù, wọ́n á máa bú wa.

Ọ̀kan nínú wa, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ìsùndúnrin, ló máa ń jókòó tì mí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Nígbà tó yá, kò dá àpárá mọ́. Ó ní òun kì í rí oorun sùn, pé bí fóònù bá ti dún, àyà òun á já. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sílé, kò sì padà wá.

Tàǹtí ní, "Ara rẹ̀ ni kò le. Ẹ jẹ́ ká máa ṣàdúrà fún un."

Mo ní, "Tàǹtí, ẹ má bínú. Ara rẹ̀ le dáadáa nígbà tó kọ́kọ́ dé. Bá a ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí ni kò dáa. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀, bó ṣe máa ṣe òun náà nìyẹn."

Ojú wọn le. "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa lé oníbàárà?"

"Rárá, mà. Ẹ bi ẹni tó máa rán aṣọ kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́. Kí oníbàárà máa pe ẹ̀yin nìkan. Bí iṣẹ́ ọdún bá sì ti kún ọwọ́ wa, ká má gba òmíràn."

 Mi ò kúrò níwájú wọn. Àwọn méjì tó kù dìde, wọ́n wá dúró tì mí. Tàǹtí mí kanlẹ̀, wọ́n ní ká dán an wò.

Kò rọrùn. Nígbà tá a sọ fún obìnrin kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn pé aṣọ rẹ̀ ò ní lè jáde kí ọdún tó dé, ó fi ìbínú kó o lọ. Tàǹtí fẹ́ pè é padà, wọ́n wo ojú wa, wọ́n jẹ́ kó máa lọ.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Ìsùndúnrin. Òun àti ìyá rẹ̀ ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Ṣé àwọn oníbàárà ò ní máa pè mí mọ́ lóòótọ́?"

Mo ní, "Tàǹtí ló ń gbé ìpè wọn báyìí."

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ó padà wá. Ìdajì ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, á dìde, á lọ gba atẹ́gùn níta, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀.