Wàrà Tèmi, Wọláhì Tọ̀rẹ́ Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìlọrin, tí ilé tí a háyà kò jìnnà sí Ọjà-Ọba, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí mo fẹ́ràn gan-an, tí mo sì ń jowú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má wulẹ̀ wò mí báyẹn o. Àgbà tó bá ní òun kò jowú rí, ẹ tún bi í léèrè dáadáa. Ọmọ àáfà ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Ohunkóhun tó bá sọ, tó bá ti fi "Wọláhì" dè é, gbogbo ẹgbẹ́ wa á gbà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi ọmọ tíṣà láti Ọ̀mù-Àrán, ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kì í búra. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ òótọ́ kiri láìní ohun tí mo máa fi dè é.

Nígbà họlidé kan, ìyá mi fẹ́ lọ sìnkú nílé, bàbá mi sì wà níbi tí ìjọba gbé e lọ ṣiṣẹ́. Ìyá Oníwàrà, obìnrin Fúlàní tó máa ń gbé igbá wàrà wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú mi lọ sí gáà wọn, abúlé tí wọ́n ti ń sin màlúù. Láyé ìgbà náà, èèyàn lè fa ọmọ lé oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì sun oorun àsùnwọra.

Gáà yẹn ni mo ti fún wàrà màlúù. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á kọ́kọ́ tú ọmọ màlúù sílẹ̀ kó mu díẹ̀, kí wàrà lè máa ṣàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kí ìyá lè dúró jẹ́ẹ́. Wàrà yẹn gbóná lọ́wọ́ mi. Títí dòní, inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Bí mo ṣe délé, mo sáré lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí ẹ̀rọ omi. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó ń sá fún ewúrẹ́!"

"Sọ wọláhì ká gbọ́."

Mo ní a kì í búra nílé wa.

"Ẹ ò rí i? Irọ́ ńlá!" Ọ̀rẹ́ mi gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún délé.

Nígbà tí Ìyá Oníwàrà tún kiri dé, mo fà á lọ bá wọn. Ó ní òótọ́ ni, mo fún wàrà dáadáa. Ṣé ẹ rò pé wọ́n bẹ̀ mí? Ọ̀rẹ́ mi ló di obìnrin náà láṣọ mú, ó ní àfi kó mú òun náà lọ. Bàbá rẹ̀ sì gbà. Ó lọ, ó fún wàrà, ó dé, ó ń ròyìn: bí wọ́n ṣe tú ọmọ màlúù, bí wọ́n ṣe so ó, bí wàrà ṣe gbóná lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an! "Wọláhì, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un!" Gbogbo wọn lanu sílẹ̀. Títí họlidé fi parí, òun ni wọ́n ń pè ní Ìyá Oníwàrà Kékeré. Kò purọ́ o, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan fi bú u. Owú náà pọ̀ débi pé mo kọ wàrà díndín tí mo fẹ́ràn jù, ìyá mi rò pé ibà ló ń ṣe mí.

Ayé ti yí báyìí. Gáà ìgbà yẹn ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ilé epo. Ta ló sì máa fa ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lóde òní? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí náà, ẹ kì í béèrè wọláhì lọ́wọ́ ara yín mọ́, fọ́tò lẹ ń béèrè.

Ọ̀rẹ́ mi ti di Àlàájà. Nígbà tí wọ́n so yìgì ọmọ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó tún kó àwọn ọmọdé jọ, ó ń sọ ìtàn màlúù. Mo dá sí i, mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọ kan wò mí tòkè tilẹ̀.

"Ẹ̀yin, Mọ́mì? Fọ́tò dà?"

Ara mi gbóná bíi tọjọ́ ìdí ẹ̀rọ omi. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ó fà mí mọ́ra.

"Fọ́tò wo? Wọláhì, òun ló kọ́kọ́ lọ. Owú rẹ̀ tí mo ń jẹ ló jẹ́ kí èmi náà lọ!"

Kíá ni gbogbo wọn gbà. Inú mi dùn, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ tiẹ̀ wò ó: ẹnu rẹ̀ náà ni wọ́n tún ti gbà á gbọ́.