Igi Tí Bàbá Ṣọládé Ò Gbọdọ̀ Gbìn

Nínú ilé tí a jọ ń gbé ní Ìkòsì, yàrá tó kẹ́yìn pátápátá ni ti Reuben Ṣọládé àti Dorothy ìyàwó rẹ̀. Fèrèsé wọn kọjú sí àkùrọ̀, ilẹ̀ olómi tó lọ títí dé ẹ̀bá odò. Kò sí ayálégbé tó fẹ́ yàrá náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn ààtàn ló ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà òjò, omi fúnra rẹ̀ ló ń wọlé. Èmi Sàfúrátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ṣọlá, yàrá mi ló tẹ̀lé tiwọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ṣojú mi kòró.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Bàbá Ṣọládé. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ló ti lo agbára rẹ̀ tán, nídìí ẹ̀rọ tó ń ké tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní nǹkan bí ọdún 2002, ẹ̀yìn dídùn àti etí dídi ló gbé bọ̀ wálé. Kò dití tán o. Bí èèyàn bá pariwo sí i létí, á gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lágbára à ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Dorothy gbìyànjú títí, ó sú u. Bí àwọn ọmọ wọn bá fóònù láti Ṣàgámù, ìyá wọn nìkan ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀. Bí èmi náà bá ti Kétu dé, níbi tí mo ti ń ránṣọ, ọwọ́ ni mo máa ń jù sí i, màá sì wọlé lọ na ẹ̀yìn. Bàbá á wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹnu wa bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín, kò ní mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ó sì tún máa ń bí mi nínú.

Ìdílé Ògúntúndé ló ni àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ló ni ilẹ̀ àdúgbò náà láti ayébáyé. Bàbá Ṣọládé gbé obì àti ọtí lọ bá olórí ìdílé náà, Alàgbà Ògúntúndé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbin ẹ̀fọ́ sí apá ibi tó sún mọ́ ilé. Alàgbà gbà. Wọ́n wá kìlọ̀ fún un bí wọ́n ṣe máa ń kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá tọrọ ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ wọn: "Ẹ̀fọ́, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, gbìn ín bó o ṣe fẹ́. Igi ni o ò gbọdọ̀ gbìn o."

Ẹni tó bá gbọ́n á mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀fọ́ kì í pẹ́ nílẹ̀, a já a, ó tán. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti sọ fún ayé pé òun ò lọ mọ́. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ rẹ̀ á dé, á nawọ́ sí ọ̀pẹ, á ní bàbá òun ló gbìn ín, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ àgbẹ̀ ni Bàbá Ṣọládé, kò sẹ́ni tó yẹ kó ṣàlàyé èyí fún un. Ó ní òun ti gbọ́.

Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀. Ọ̀rá, ike, bàtà tó ti já, fóòmù tó ti mumi yó. Bó bá kó ti òní kúrò, àwọn ará ilé òdìkejì á da tiwọn sí i lọ́la. Ó ń lọ sí Mile 12, ó ń ru àpò tòmátì jíjẹrà bọ̀ lórí kí ilẹ̀ náà lè lọ́ràá, omi pupa á máa ṣàn wálẹ̀ sí i lọ́rùn. Dorothy kì í jẹ́ kó wọ yàrá pẹ̀lú aṣọ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọ̀hún wá dùn ún wò, odò kún, ó gbé pàǹtí mìíràn wá láti ibi tí a ò mọ̀. Bàbá dúró, ó wò ó, ó lọ mú ṣọ́bìrì. Ó rẹ̀ mí bí mo ṣe ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Ọ̀pẹ àgbà kan wà nínú àkùrọ̀ náà, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá ń já ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tí èmi ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, ọ̀wọ́ ẹ̀gà bà sórí ọ̀pẹ náà. Ẹ mọ ẹ̀gà: òun kì í kọrin, ariwo ló ń pa, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìyàwó méjì tó ń jà nídìí omi ẹ̀rọ. Bàbá nàró lójijì.

"Ìyá Ṣọlá, kí ló ń ké yẹn?"

"Ẹ̀gà ni, Bàbá!"

"Mo ń gbọ́ ọ," ó wí. "Ìyá Ṣọlá, mo ń gbọ́ ọ!"

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi nu ojú tèmi náà.

Láti ìgbà yẹn ni ọgbà ẹ̀fọ́ ti di nǹkan mìíràn. Ó jẹ́ kí koríko so èso fún ológoṣẹ́. Ó sin ìkòkò fífọ́ mọ́lẹ̀, ó pọn omi sí i kí ẹyẹ lè mu. Kò fọ́n oògùn kòkòrò mọ́, kò sì sun igbó. Ó fi ìtì igi jíjẹrà sílẹ̀ níbi tó wà, ó ní àwọn kan ń gbé inú ẹ̀. Labalábá dé, oyin dé, àdàbà àti lékèélékèé dé, ọ̀pọ̀lọ́ gba ibi tí omi dárogún sí. Agẹmọ náà yọjú, àwọn obìnrin ilé òdìkejì sì sá wọlé pẹ̀lú ariwo. Wọ́n ní ejò ni Bàbá ń sìn. Lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó kan, wolé-wolé wọlé dé, ó dúró sẹ́bàá ibẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀.

"Daddy, kí lẹ̀ ń gbìn síbí gan-an?"

Bàbá ò gbọ́. Dorothy ló dá a lóhùn látorí àpótí tó jókòó lé. "Igbó ló ń gbìn, sà. Ẹ bá mi bi í léèrè."

Ẹ̀gà kì í hu ewé, ó máa ń ya á ni. Ewé ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń hun ilé wọn, wọ́n sì ya ti ọ̀pẹ àgbà yẹn títí ó fi ku ọ̀pá ewé rẹ̀ nìkan. Bàbá rí i pé ó ń kú lọ. Bó bá wó, àwọn ẹ̀gà á wábi gbà, etí tòun náà á sì padà sí bó ṣe wà. Ó wá hú ọmọ ọ̀pẹ láti ìsàlẹ̀ odò, ó gbìn wọ́n sórí ebè tó ga, ó tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ dáadáa. Ó fi ìyeyè ṣe ọgbà yí wọn ká, ìyeyè náà hù. Ọdán kan ṣoṣo ló hù fúnra rẹ̀, láti inú ìgbẹ́ ẹyẹ.

Ọjọ́ tí Dorothy rí àwọn ọmọ ọ̀pẹ yẹn, ó lọ fẹnu sí etí ọkọ rẹ̀ gan-an. "Reuben, ilẹ̀ onílẹ̀ ni o! Igi lo gbìn sí i yìí! Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́," ó wí. "Ẹyẹ ò lè kọ́lé sórí ẹ̀fọ́."

Ọ̀pẹ kì í yára dàgbà. Odò ń kún lọ́dọọdún, ó ń hú nínú wọn, Bàbá ń gbin òmíràn dípò wọn. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bó bá dé láti inú ọgbà nírọ̀lẹ́, á fara ti ògiri, á ní, "Ó ti rẹ̀ mí o, Ìyá Ṣọlá." Èmi náà á ní ó ti rẹ èmi náà. Lọ́dún tí ọ̀pẹ àgbà wó, àwọn ọmọ ọ̀pẹ ti yọ ewé tó nà dáadáa, àwọn ẹ̀gà kàn kó lọ síbẹ̀ ni. Ariwo ò dá lọ́jọ́ kan. Mi ò tíì rí ẹni tó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2008 ni àwọn ọ̀dọ́ ìdílé Ògúntúndé mú ẹnì kan wá wo ilẹ̀, wọ́n rí ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, Alàgbà fúnra wọn ló ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Dorothy jókòó sílẹ̀. Ó wá ku èmi tí màá máa pariwo ọ̀rọ̀ Alàgbà sí Bàbá létí. Ṣé irú iṣẹ́ báyìí ló yẹ kí wọ́n gbé fún èèyàn láàárọ̀ kùtù?

"Wọ́n ní ta ló gbin igi yìí, Bàbá!"

Bàbá kàn ń wo àwọn ọ̀pẹ náà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn ní, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ jàre, a ní ibi tí à ń lọ!"

Alàgbà gbé ọwọ́ sókè, ọmọ náà dákẹ́. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀. "Sọ fún un báyìí. Igi tó bá jẹ́ pé èèyàn ló gbìn ín, a ó gé e lónìí, a ó sì gba ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n igi tó bá hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín, bó ṣe wà látọwọ́ àwọn bàbá wa nìyẹn. A kì í gé ohun tó jẹ́ tiwa." Wọ́n wo àwọn ọ̀pẹ náà bí wọ́n ṣe tò gbọọrọ. "Jẹ́ kó yé e dáadáa."

Ó yé mi kó tó yé e. Mo pariwo rẹ̀ fún un títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó tẹ́tí, ó wo ọ̀pẹ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti le koko. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà irọ́ tí à ń pa fún lánlọ́ọ̀dù, òun kì í bá wa pa á.

"Ẹyẹ ló gbìn ín," ó wí.

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ wo ló mọ ìlà tò báyìí?"

"Ẹyẹ ìhín gbọ́n," ni Alàgbà wí láìrẹ́rìn-ín. "Kó tún un sọ, kí gbogbo yín lè ṣe ẹlẹ́rìí."

Mo pariwo pé kó tún un sọ. Ó tún un sọ. "Ẹyẹ ló gbìn ín. Èmi ò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Mi ò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀."

Dorothy, tó ti ń bú u nítorí igi yẹn láti ọdún mélòó kan wá, ló bú sẹ́kún.

Alàgbà ní ó ti parí, kí wọ́n fi àdá sílẹ̀. Wọ́n wá fi òfin lé e: láti ọjọ́ náà lọ, kí Bàbá má fi àdá kan igi ọ̀hún, kó má bomi rin ín, kó má ṣa pàǹtí nídìí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń tọ́jú igi, lọ́jọ́ kan á ní òun ló ni ín. Bó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, kó wọ ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo gbà pé àánú ni Alàgbà ṣe. Síbẹ̀, mi ò kí wọn nígbà tí wọ́n ń lọ.

Wọn ò tíì ta ilẹ̀ náà, mi ò sì mọ ìgbà tí wọ́n á tà á. Láàárín kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn mú àwọn àlejò wá, wọ́n múra dáadáa, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò ilé ẹ̀gà. Èmi àti Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́ náà nawọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní, "Ibi tí ẹ̀ ń wò yìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí. Ẹyẹ ló ṣe gbogbo ẹ̀." Obìnrin kan láàárín wọn mi orí, ó kọjú sí wa, ó ní, "Ó mà ga o. Tó bá jẹ́ pé èèyàn ló ṣe é ni, wọn ì bá ti bà á jẹ́."

Inú bí mi débi pé mo dìde. Mo fẹ́ sọ fún un nípa tòmátì jíjẹrà, nípa orúnkún, nípa gbogbo ẹ̀. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi.

"Má dá wọn lóhùn," ó wí. "Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á gé e."

Mo padà jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bi mí pé kí ni obìnrin yẹn wí.

"Ó ní ibẹ̀ dára, Bàbá!"

"Kó lọ sọ fún ẹyẹ," ó wí. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde, ó wọlé lọ sùn, oòrùn ò tíì wọ̀.