Ẹni Tó Mọ Òpin Ìtẹ́ Iyọ̀

Èmi ni mo ní fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀, èmi ni mo sì ń kà á fún wọn, nítorí náà ohunkóhun tó bá ti ìdí ọ̀rọ̀ yìí jáde, mo ní ìpín níbẹ̀. N kò ní sá fún un. Aṣọ ni mò ń rán ní Pangani yìí, ìlú etíkun wa, lórí pẹpẹ òkúta tó wà níwájú ilé mi. Ní ọjọ́ Àtàláátà àti ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, màá ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá nu awò ojú mi, màá sì ka Ìtẹ́ Iyọ̀ sókè fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ìtẹ́ Iyọ̀ kì í ṣe ìwé tí wọ́n dì. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Mwanamaji ló ń kọ ọ́ sórí Wasáàpù, apá kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀. Ìtàn Kerenge ni, ọmọ ọba tí wọ́n jí òjìji rẹ̀ lọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Òun àti ẹkùn afọ́jú kan ń la ìlú méje kọjá, wọ́n ń wá ìtẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ́, kí òjò tó dé kó tó yọ́. Ogun wà níbẹ̀, òmìrán wà níbẹ̀, àwọn ọba tó ń fún ara wọn ní májèlé jẹ wà níbẹ̀. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù tó ń kọ ọ́ sí lé ní ẹgbẹ̀ta, láti Tanga títí dé Mtwara. Bí apá kan bá ti jáde, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní apá tó kàn. Wọ́n á búra, wọ́n á bú ara wọn, fóònù mi á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Lórí pẹpẹ tèmi, àwọn méjì ló máa ń fa ọ̀rọ̀ náà. Mzee Kibwana, bàbá àgbà kan, ni ọ̀kan. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò wa lọ sí Bweni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé kò sí ohun tí ojú òun ò rí rí. Èkejì ni Bi Mwantumu, opó tó ń hun ẹní imọ̀ ọ̀pẹ. Bàbá yẹn máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀. Ti Bi Mwantumu kì í tàsé, kò tíì tàsé rí.

"Kerenge á kú sí ẹnubodè kẹta," Mzee Kibwana wí lọ́jọ́ kan, ó sì fa kọfí kíkorò rẹ̀ mu. "Idà ni yóò fẹ́ fi ṣí i, idà á kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kò tilẹ̀ ní fa idà yọ," Bi Mwantumu dá a lóhùn. Kò gbójú sókè nídìí ẹní tó ń hun. "Orúkọ obìnrin tó fún un lọ́mú ni yóò pè. Ẹnubodè á ṣí fúnra rẹ̀."

"Orúkọ olómú kẹ̀. Ọmọ ọba tó ń jagun, ẹ ní kó lọ máa ké pe olómú."

"Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ dé, bàbá."

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, Kerenge dúró níwájú ẹnubodè kẹta, ó sọ idà sílẹ̀, ó pe orúkọ olómú rẹ̀, ẹnubodè sì ṣí. Mzee Kibwana gbé ife kọfí rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà sí wa títí mo fi kà á tán. Ó ní ẹni tó ń kọ ìtàn yìí kò mọ ogun.

Èmi ni mo máa ń kọ ohun tí Bi Mwantumu bá wí sínú ẹgbẹ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tó fi máa di apá ogún, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wọn á máa bi mí pé, "Màmá Sakina, kí ni ìyá ẹlẹ́ní wí?" Ẹnì kan láti Lindi ní àjẹ́ ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí onítọ̀hún lára débi pé ó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, inú ń bí èmi náà. Mo rò pé obìnrin yìí àti Mwanamaji ti jọ gbìmọ̀, wọ́n wá ń fi mí ṣe ọ̀bọ láàárín. Mo lọ bá a nílé.

"Bi Mwantumu," mo ní, "à ń rí i, à ń dákẹ́ ni. Ta ló ń sọ ìtàn yìí fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Èmi ni mo ni ín."

Ó ní kí n jókòó. Ó ní nígbà tí Nasoro ọmọ òun ṣì kéré, ọmọ náà ló máa ń bá òun ya imọ̀ ọ̀pẹ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Kó lè jókòó, òun bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtàn Kerenge fún un láti inú ara òun. Kò sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun. Ọdún mẹ́rin ni òun fi sọ ọ́. Ẹkùn afọ́jú, ẹnubodè olómú, ìtẹ́ tí òjò lè yọ́, gbogbo rẹ̀ ló ti ẹnu òun jáde, etí ọmọ kan ṣoṣo ló sì wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ etíkun wa yìí mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ṣe. Wọ́n á lọ sí èbúté, wọ́n á yọ́ wọ inú ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí gúúsù, wọ́n á sá pamọ́ sáàárín ẹrù. Ẹni tí orí bá bá ṣe é á dé Durban, níbi tówó wà. Nasoro jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ ra òwú ní Tanga. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè, kò sí ẹni tó rí i.

"Ọmọ mi ló ń kọ ọ́, Màmá Sakina," ó ní. "Nasoro wà láàyè."

Mo fa fóònù yọ. "Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n pè é nísinsìnyí."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì dì í le. "Tó bá wá jẹ́ pé òun kọ́ ńkọ́?"

Mo dá fóònù padà sápò.

"Mo ti ń sọ fún yín ohun tó máa ṣẹlẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò sọ òpin rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi òun. Tó bá parí rẹ̀ bí mo ṣe parí rẹ̀, a jẹ́ pé òun ni. Màá dúró. Mo ti mọ̀ ọ́n dúró."

Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń sọ ọ́ fún ẹni tí nǹkan bá ṣe. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò rí ojú Bi Mwantumu lọ́jọ́ yẹn, nítorí ojú náà ń dán.

Láti ìgbà yẹn ni obìnrin náà ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Ó kun ògiri ilé rẹ̀ ní ẹfun. Ó ra aṣọ funfun wá, ó ní kí n fi rán jalabíyà fún ọkùnrin tó ga dé ibi báyìí, ó na ọwọ́ sókè ju orí rẹ̀ lọ. Ó ní Nasoro á ti sanra díẹ̀. Mo rán an. N kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnu mi kì í pa omi mọ́. Bí mo bá ń ka ìtàn náà, mo ti ń gbọ́ ohùn Nasoro nínú rẹ̀. Èmi náà ti gbà.

Nígbà tí ìtàn náà pé oṣù méje ni Kerenge dé etí Òkun Eérú. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ní ọkọ̀, òun nìkan ló ń gbé èèyàn sọdá, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ń gbà lọ́wọ́ wọn. Apá náà parí síbi tí Kerenge ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ọkọ̀. Ẹgbẹ́ náà dàrú. Àwọn kan ní ahọ́n rẹ̀ ni obìnrin náà máa gbà. Àwọn kan ní ojú rẹ̀ ni, kó lè dà bí ẹkùn rẹ̀. Ẹnì kan ní Mtwara fi ìyá rẹ̀ búra pé obìnrin náà ló jí òjìji rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n," Mzee Kibwana wí, ó sì fẹ̀ jókòó. "Ẹni tó bá dá ọkọ̀ dúró lójú omi, tí kò jẹ́ kó lọ, ẹ̀yin ẹ ò mọ ìyà tó tọ́ sí i. Kerenge á fa idà yọ. Á bẹ́ ẹ lórí, á fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀."

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń fa idà yẹn yọ, bàbá," mo ní, "kò tíì gé ẹ̀fọ́."

Wọ́n ń bi Bi Mwantumu léèrè láti ibi gbogbo. Ó mi orí. "Ẹ kọ ọ́ pé mi ò mọ̀," ó ní. Ó wò mí, èmi náà wò ó. A mọ̀ pé a ti dé òpin.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bi Mwantumu tètè dé. Mo ṣí fóònù. Mo kà á: ọkọ̀ kúrò létí omi, eérú ń fò, obìnrin náà dá àjẹ̀ dúró, ó na ọwọ́, ó ní kí Kerenge san tirẹ̀. Kerenge fa idà yọ. Ó bẹ́ ẹ lórí. Ó gba àjẹ̀, ó wa ọkọ̀ náà dé òdì kejì, àwọn ọmọ ogun ìlú méje sì kúnlẹ̀ fún un.

Mzee Kibwana fò dìde. Oṣù méje gbáko, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ohun tó sọ máa ṣẹ. Bàbá náà jó. Ó jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ká, ó ń pe àwọn tó ń kọjá lọ pé kí wọ́n wá gbọ́. "Ìyá ẹlẹ́ní, ọjọ́ pé," ó ní. "Ẹ júbà mi lónìí."

"Ẹ tún un kà," Bi Mwantumu sọ fún mi.

Mo tún un kà.

"Idà?"

"Idà ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ó gbé ẹní náà kalẹ̀. "Kò gbọ́ ibẹ̀," ó ní.

"Ta ni kò gbọ́ kí ni?" Mzee Kibwana bi í, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bi Mwantumu ti ń lọ. Imọ̀ ọ̀pẹ ń já bọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń lọ, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Mo bá a ní iyàrá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Nasoro," ó ní. "Ó gbọ́ ọ dé ibi tí ẹsẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Ohun tó kù, òun ló fi tirẹ̀ dí i. Nasoro mọ òpin rẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ tán? Ẹ pè é, Màmá Sakina. Ẹ pè é wàyí."

Mo pè é, mo sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Ohùn ọkùnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni ogójì ọdún ni. Mo bi í pé ta ló sọ ìtàn Kerenge fún un.

"Oṣù méje ni mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mpole la máa ń pè é, nítorí pé ó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. A jẹ́ mẹ́rin tá a sá pamọ́ sáàárín ẹrù. Omi wa tán ní ọjọ́ kẹta. Ó ń sọ ìtàn yẹn fún wa kí a má bàa pariwo, kí wọ́n má bàa rí wa. Tó bá dákẹ́, ẹ̀rù á bà wá, a ó bẹ̀ ẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ. A kò mọ̀ pé itọ́ tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló ń ná fún wa. Nígbà tó dé ibi ọkọ̀, ó ní kí a jẹ́ kí òun sùn díẹ̀, pé ibẹ̀ gan-an ni ó dùn jù. Kò jí mọ́. Nígbà tí àwọn atukọ̀ rí wa, wọ́n gbé e jù sómi. Mo ka Fátíhà sí i, màmá. Èmi nìkan ni mo lè kà á nínú wa."

Mo ti gbádùn ìtàn yẹn. Oṣù méje ni mo fi ń kà á, mò ń jẹ àádùn sí i, mò ń fi Mzee Kibwana ṣe yẹ̀yẹ́, òǹgbẹ ló sì pa ọmọ ọlọ́mọ nídìí rẹ̀. Mo kórìíra ara mi, mo kórìíra ọkùnrin náà, mo kórìíra fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ó ní ìyá òun ló ni ín," ọkùnrin náà tún wí. "Ó ní ẹní ló ń hun, kò sọ orúkọ ìlú. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ jáde, etí ìyá náà á gbọ́. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò tíì kọ, mo mọ̀ pé mo ti rí yín, ẹ̀rù wá ń bà mí. Mi ò lè sọ ọ́. Ṣé ẹ wà níbẹ̀, màmá? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe parí?"

Bi Mwantumu gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kò sunkún. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹní ló ṣe sọ ọ́.

"Obìnrin ọlọ́kọ̀ bi í pé kí ló máa san. Ó ní òun ò ní nǹkan kan, pé ìyá òun ń retí òun nílé ni. Obìnrin náà ní kò sí ohun tí òkun máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń retí. Ó gbé e sọdá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó délé."

Ó dá fóònù padà fún mi. Ọkùnrin náà ń sunkún nínú rẹ̀, n kò mọ bí mo ṣe pa fóònù náà.

"Irọ́ ni mo pa fún Nasoro, Màmá Sakina," Bi Mwantumu wí. "Ó sì gbà mí gbọ́."