Ẹni Keje tí Kọ̀ǹpútà Rí

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ẹ dákun, ẹ má tíì sọ ọ́. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ní ọ̀sán gangan.

Àyà ló dun ìyàwó mi, Ìyá Kẹ́mi, kó tó kú. Wọ́n ya fọ́tò ọkàn rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé ọgbẹ́ inú ni. Ọjọ́ kẹta ló lọ.

Èmi náà ń ya irú fọ́tò yẹn ní ilé ìwòsàn kan lápá Àgọ́-Ìwòyè. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó kọ́ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n dé. Òun ló ń wo fọ́tò, tó ń fi òrùka pupa yí ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn bá ti fún. Ó máa ń ṣìnà bí aláìsàn bá mira. Èmi ni wọ́n ní kí n máa pa òrùka tó bá ṣìnà rẹ́, kí fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà ní Ojówò, mú ìyàwó rẹ̀ wá. Ọdún kan náà lèmi àti ẹ̀ gbéyàwó.

"Bàbá Kẹ́mi, bá mi tọ́jú rẹ̀ o. Èmi ò mọ ìkọ́kọrẹ́ sè."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn. Ikùn ẹ̀ ló ń rò." Ó sì bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

Ẹ gbà mí gbọ́, nǹkan kan gún mi láyà.

Òun ni ẹni kẹfà tí a yà lọ́jọ́ náà, òun la sì fi parí. Ó jáde lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà fi òrùka pupa yí iṣan rẹ̀ kan. Kò ṣìnà. Èmi náà rí i pé ó ti fún.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ yìí kò dé nígbà tèmi? Kí ló dé tí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi yóò fi yè? Ọwọ́ mi lọ sórí bọ́tìnnì tí a fi ń pa òrùka rẹ́. N ò ní purọ́ fún yín.

Ara mi ṣàdéédé tutù. Mo gbójú sókè.

Lẹ́yìn gíláàsì, Ìyá Kẹ́mi dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ẹ̀rọ, ó fọwọ́ lé àyà.

"Bàbá Kẹ́mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "tèmi ńkọ́?"

Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ìlara ni. Mo dá ohùn náà mọ̀, torí ó jọ tinú mi.

"Pa tiẹ̀ rẹ́. Tèmi ni kí kọ̀ǹpútà wò."

Mi ò mọ bí mo ṣe fi fọ́tò ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ sí dókítà pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Mo sáré jáde.

Wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú lọ́jọ́ náà. Ó yè é. Mo rí òun àti ọkọ rẹ̀ ní Ìlàpòrú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yà sí ọ̀nà mìíràn.

Àmọ́ ẹ gbọ́. Èèyàn mẹ́fà la yà ní fọ́tò. Nígbà tí mo padà wọlé, kọ̀ǹpútà ti ka méje. Ìkeje kò lórúkọ. Òrùka mẹ́ta ló wà lára ọkàn inú fọ́tò náà. Dókítà ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Òrùka ti di mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ẹnì kan, bí ẹ bá rí ẹni tí tirẹ̀ yè, ẹ má ṣe bi Ọlọ́run pé kí ló dé. Òkú yín lè gbọ́, kó sì wá béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ yín.