Bí Mo Ṣe Dógò Ti Ẹ̀gbọ́n Nítorí Owó Iná

Ọdún tí àwọn sójà ń múra láti gbé ìjọba sílẹ̀ ni àwa obìnrin mẹ́ta jọ háyà ilé kan l'Ádó-Èkìtì, nítòsí Ọjà Ọba. Tíṣà lèmi. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni ìkejì, ó wá láti ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Tíṣà ni ìkẹta, ọmọ Ìgèdè, ó dàgbà jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, orúnkún ni mo sì fi ń kí i láràárọ̀. Ẹ wá sọ fún mi o, báwo lèèyàn ṣe ń sin gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí?

Owó iná ni mo ń wí. Mítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé. Bílì dé, a pín in sọ́nà mẹ́ta, àwa méjì san tiwa, Ẹ̀gbọ́n ní òun ń mú tòun bọ̀. Bí "mò ń mú un bọ̀" bá jẹ́ èèyàn ni, ì bá ti fẹsẹ̀ rìn dé Ìlọrin kó tún padà. Kì í ṣe pé kò lówó, kì í sì í ṣe ahun. Bó bá kan oúnjẹ, kò sẹ́ni tó lawọ́ tó o. Owó ilé nìkan ni kì í fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ǹ bá gbójú fò ó, àmọ́ àwọn oníná ti kìlọ̀ pé bí owó náà kò bá pé kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn yóò wá já wáyà wa. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá àfẹ́sọ́nà mi sì ń bọ̀ wá sùn sọ́dọ̀ wa. Abà kan lẹ́yìn Ìyìn ni màmá ń gbé, àtùpà ni wọ́n ń tàn. Ọmọ wọn ti fọ́nnu fún wọn pé nílé ìyàwó òun, èèyàn á kàn tẹ ara ògiri ni, gbogbo yàrá á mọ́lẹ̀ kedere. Wọn ò tí ì fojú rí mi rí. Bí wọ́n bá wá bá òkùnkùn ńkọ́? Ọmọ wọn di òpùrọ́, èmi náà di ìyàwó irọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí ìyá mi àgbà máa ń sọ. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, wọ́n á rán ológò sí i. Ológò kò ní jà, kò ní bú èèyàn. Á kàn tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á jókòó, onígbèsè ni yóò sì máa bọ́ ọ títí owó yóò fi jáde.

Ìsinmi ilé-ìwé la wà. Lọ́jọ́rú, mo ká ẹní mi, mo tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o," ni mo wí, "mo wá dógò tì yín ni."

Akọ̀wé wa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ̀gbọ́n wò mí sókè sódò, kò bínú rárá. Ó ní ebi kì í pa ológò, ó sì kọjá lọ sídìí odó. Iṣu oko bàbá rẹ̀ ni, iyán náà funfun, kò ní kókó kankan. Mo jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹran ìgbẹ́ sí ọbẹ̀. Mo tún jẹ. Nígbà tí akọ̀wé gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ó gbé ẹní tirẹ̀ náà dé, ó ní ọ̀rọ̀ iná náà kan òun. Kí n má parọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo torí ẹ̀ jókòó.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, akọ̀wé yọ́ kúrò ní ọ́fíìsì wá jẹun. Ibi tí a ti ń lá ọbẹ̀ lọ́wọ́ ni obìnrin àgbàlagbà kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé pẹ̀lú ẹrù lórí, tí wọ́n bèèrè pé ta ni ìyàwó ọmọ àwọn nínú wa. Màmá ni. Wọn ò dúró de Sátidé mọ́. Akọ̀wé na ọwọ́ tó kún fún ọbẹ̀ sí mi. Mo ti tú ìró nídìí kí iyán lè ráyè, bẹ́ẹ̀ ni mo fọwọ́ kan di ìró mú, tí mo ń wá bí mo ṣe máa kúnlẹ̀. Ojú tì mí débi pé omijé fẹ́ bọ́.

Màmá bèèrè ohun tí ẹní méjì ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n dá sí i pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o. Usu tí àwọn wọ̀nyí ti jẹ ju owó iná lọ. Iná tí wọ́n ń sìn mí yẹn, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán."

Màmá sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì rọra jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ẹní.

"Ohun tí ológò bá jẹ kì í wọ inú gbèsè," ni wọ́n wí. "Uyán tèmi dà?"

Ẹ̀gbọ́n wo odó, ó wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín pa á, ó wọlé, ó sì tú owó jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní apá òun ò lè gún ti ológò mẹ́ta. Akọ̀wé já owó náà gbà, ó sáré lọ san án kí àwọn oníná tó tilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo tẹ ara ògiri, yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Màmá wo gílóòbù náà díẹ̀, wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ń wò mí títí.

"Uná ni ọmọ mi ní mo máa rí," ni wọ́n wí. "Kò sọ fún mi pé aya òun lè jókòó ti nǹkan láìjà."

Wọ́n wá ní kí n pa á, pé ó ń ta àwọn lójú, kí n wá sùn ti àwọn. Gbogbo iyán yẹn, gbogbo eré tí akọ̀wé sá! Mo pa iná náà, mo dùbúlẹ̀ ti ìyá ọkọ mi, àwa méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.