Àwòrán Ọjọ́ Tí Ara Le

Wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ. Ti obìnrin onídìrí yìí ti rò ó tán. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ọmọdé tó ń ké láti ìta bó bá ti rí ìyarun, tí wọ́n bá fi lè gbé e jókòó síwájú rẹ̀, oorun ni yóò sùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Dígí gígùn kan wà níbẹ̀ tí igun rẹ̀ ti sán, àga mẹ́ta, ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí irun, àti fèrèsé tó kọjú sí títì. Ẹni tí orí rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ onídìrí kì í pẹ́ tú ikùn, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ àdúgbò tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò gbọ́. Kì í sì í tún un sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ẹ̀gbọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀, ó wáṣẹ́ sílé búrẹ́dì, ó ń po ìyẹ̀fun kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń fi owó ibẹ̀ tọ́ ọmọ tí kì í ṣe òun ló bí i. Iná ààrò búrẹ́dì ló jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí lọ́jọ́ kan, irun kò sì hù níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò mọṣẹ́ tán, orí ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ fi dánra wò. Ó dọ́gbọ́n sí i: ó fa ìlà kan láti iwájú orí, ó jẹ́ kó yí gba ẹ̀yìn etí òsì, kó lè bo àpá náà mọ́lẹ̀. Kò dì í fún ẹlòmíràn rí, nítorí pé kò rí ẹlòmíràn tó nírú àpá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ẹ̀gbọ́n báyìí kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń pàṣẹ fún. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní òjò ń bọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn kanrí, agbòòrùn ni àbúrò yóò wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní kókó kan yọ lọ́mú òun, wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní òun kò lọ mọ́, wọ́n jọ dúró sílé.

Ohun tó lé e kúrò nílé ìwòsàn kò ju ọ̀rọ̀ kan péré lọ. Dókítà ní àwọn yóò fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà láti mọ irú ohun tó jẹ́, pé ó sì ṣeé ṣe kí àwọn gé e. Gígé ni ẹ̀gbọ́n gbọ́, kò gbọ́ ìyókù mọ́. Bí wọ́n ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de káàdì, obìnrin kan rọra sún mọ́ ọn. Ó mọ̀rọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ń ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí. Wọn ò gé nǹkan kan lára mi o. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ta ló fi í joyè Ọ̀jọ̀gbọ́n? Ẹ má bi mí. Ó jọ pé wọ́n ti wó ilé ìwé tó ti gboyè náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun wà lára rẹ̀, ohun tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ bí àyà ṣe ń lù sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí aláìsàn yóò dì mú. Ẹ̀rọ á dún, á tan iná pupa, Ọ̀jọ̀gbọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àrùn: kídìnrín, ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀, ojú. Kò sí ẹni tó di ẹ̀rọ náà mú rí tí kò lárùn. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga, àga náà á ní ìtọ̀ ṣúgà. Omi kan náà tó ní àwọ̀ ewé, inú ìgò kan náà, ló sì ń fún gbogbo wọn, ẹni tí ojú ń dùn, ẹni tí kò rọ́mọ bí, àti ẹni tí kókó wà lọ́mú rẹ̀.

Omi náà lófin. Ẹni tó bá ń mu ún kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn. Bí ìrora bá ń le sí i, àìsàn ló ń jáde. Bí àìsàn kò bá wá jáde ńkọ́? A jẹ́ pé aláìsàn ń ṣiyèméjì nìyẹn. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn dáadáa: ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ já sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló jẹ̀bi.

Ó tún ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú àwòrán kan wá, àwòrán ọjọ́ tí ara rẹ̀ le. Ó ní omi òun gbọ́dọ̀ mọ irú ara tí òun ń dá padà. Òun fúnra rẹ̀ á wá ya aláìsàn bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ló yan àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú fóònù. Ẹ̀gbọ́n jókòó síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń rẹ́rìn-ín, irun orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ onídìrí ni. Inú àbúrò dùn láti fi ránṣẹ́, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn nínú rẹ̀ kedere.

Ẹ̀gbọ́n ń mu omi, ó ń rù. Nígbà tó yá, kò lè dìde jókòó mọ́ àfi kí wọ́n gbé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá, ó tún yà á bó ṣe dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Aṣọ kan wà tó fi ń di àyà rẹ̀ pinpin, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u wò. Bí àbúrò bá bi í, á ní, "Ó ń jáde ni. Fi mí sílẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wá dìrí. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó jókòó, ó na fóònù rẹ̀ sí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bí gbogbo oníbàárà ṣe máa ń ṣe, ó ti fa àwòrán náà tóbi tó fi jẹ́ pé irun nìkan ló hàn.

"Àǹtí, irú èyí gan-an ni mo fẹ́."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tẹjú mọ́ ọn, ó rí ìlà tó yí gba ẹ̀yìn etí òsì. Ìbínú ló kọ́kọ́ mú un. Ta ló jí irun òun dì? Ó ní kí Tíṣà dín àwòrán náà kù, kí òun rí ojú ẹni tó ni orí.

Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí. Àwòrán méjì ni, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní apá òsì, ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ní apá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín níwájú dígí tó sán nígun, dígí kan náà tí Tíṣà jókòó sí iwájú rẹ̀ báyìí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé wọ́n gbé obìnrin yìí wá ni, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wò ó sàn," ni Tíṣà ń wí, kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Irú àìsàn tó ń ṣe màmá mi ló ṣe òun náà. Màmá ní kí n dirun obìnrin yìí, kí àwọn lè máa wò ó lórí mi."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé fóònù tirẹ̀, ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó rò pé ọkùnrin náà á sẹ́, tàbí kó ní àṣìṣe ni. Kò sẹ́ rárá. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń jẹun.

"Ṣé kì í ṣe òun ni? Àbí ara rẹ̀ ò le nínú àwòrán yẹn ni?"

"Kò tíì gbádùn! Ó wà lórí ibùsùn!"

"Ẹ ti ń ṣiyèméjì nìyẹn. Bó bá wá kú, ẹ̀yin lẹ pa á." Ó sì gé ìpè náà.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Wọn kì í sọ iye ẹni tí irọ́ náà á ti sin kí ogún ọdún tó pé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ fún Tíṣà. "Dìde ká lọ. Wá fi ojú ara rẹ rí i." Tíṣà tẹ̀ lé e pẹ̀lú irun tí wọ́n yà dé ìdajì.

Ẹ̀gbọ́n wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí wọ́n wọlé. Àbúrò gbé fóònù síwájú rẹ̀, ó ń dúró kí ìbínú rẹ̀ ru. Ẹ̀gbọ́n wo àwòrán méjèèjì pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o rí i? Ó ti ríran sí mi. Ibi tí mò ń lọ ló gbé síbẹ̀ yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Èmi ni mo ya yín. Ẹ ò tíì ṣàìsàn nígbà náà."

"Mo mọ̀. Ẹni tí mo máa padà dà nìyẹn."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti múra sílẹ̀ fún ìbínú àti ẹkún. Kò múra sílẹ̀ fún kí ẹ̀gbọ́n òun rí irọ́ tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ pa, kó sì dúpẹ́ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tíṣà ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bi yín ni. Ṣé ẹ ti gbádùn?"

Ẹ̀gbọ́n fa aṣọ àyà rẹ̀ mọ́ra.

"Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi. Àwòrán yín ni màmá rí tí wọ́n fi ní àwọn ò lọ mọ́. Tí ẹ bá ní ẹ ti gbádùn, màá mú wọn lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí ẹ ò bá tíì gbádùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

"Ìwọ nìkan ni wọ́n bí?"

"Rárá mà. Mo ní àbúrò obìnrin kan. Kò tíì kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n pa ojú dé. Bí ohun kan bá wà láyé tí obìnrin yìí mọ̀, tí kò sí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè tàn án lórí rẹ̀, ohun tó ń dúró de irú àwọn ọmọ méjì bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó lajú, ó gbé ọwọ́ sí àyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tó fi dì í.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Tíṣà fọwọ́ bo imú, ó tún yára sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò rí i rí títí di ọjọ́ yẹn. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, òun ló ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló ń fún un lónjẹ, kò sì mọ̀ pé ọmú ẹ̀gbọ́n òun ti bẹ́, pé ó ti dá egbò tó jìn, tí omi ń ṣàn níbẹ̀. Ó pariwo. Kò mọ̀ pé òun ni.

"Wò ó dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n sọ fún Tíṣà. "Èmi ni mo wà nínú àwòrán yẹn. Lọ sọ fún màmá ẹ pé o rí mi. Sọ fún un pé ó ń rùn. Má yọ nǹkan kan kúrò ńbẹ̀."

Tíṣà dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sáré jáde. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó ṣì jókòó sílẹ̀.

"Kí lo ń wò? Wá ọkọ̀."

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní àìsàn náà ti ràn dé abíyá, pé bí wọ́n bá wá nígbà tó ṣì kéré ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, pé àwọn á ṣe gbogbo ohun tí agbára àwọn ká, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n ní, "Dókítà, ẹ fi ìbáwí yẹn pa mọ́ fún mi. Bí ara mi bá yá, màá wá gbà á."

Wọ́n fún un ní ibùsùn nílé ìwòsàn náà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá Tíṣà. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó rán àbúrò rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bá Tíṣà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, òun àti àbúrò rẹ̀ kékeré. Wọ́n ti gbé màmá wọn wọlé. Ó padà wá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé obìnrin náà wá.

"Ó wá?"

"Ó wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, ó sì di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Èmi ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n máa pè mí?"