Ìwé Tí Alhaja Kò Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Ṣí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí kì í gbà fún "kò sí," ẹ wá wo Asimawu Ọláníyọnu, ọmọ Makun-Omi tá a jọ ń gbé yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Èmi Gbémi kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí nǹkan bá ti le, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run ni.

Ìwé kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn tí ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ní kó kà fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ìgbésí ayé àwọn apẹja etí ọ̀sà ló dá lé lórí. Ọ̀gá náà kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Bí o kò bá kà á, má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó di ọdún tó ń bọ̀." Ọdún kan gbáko! Nítorí ìwé!

Ní láíbìrì, ẹnì kan ti yá a lọ. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọn ò ní in. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ewé díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi han èèyàn, dọ́là ni wọ́n ń béèrè fún ìyókù. Mo ní, "Asimawu, gba kámú."

Ó ní, "Ṣé o ka àwọn ojú ewé tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn?"

Ta ló ń ka ibi tí òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́? Òun kà á. Ló bá figbe ta: "Gbémi, ìyá bàbá mi rèé!" Òótọ́ ni. Òǹkọ̀wé náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja Múínátù ti Makun-Omi, tó gbà á sílé nígbà tó ń ṣe ìwádìí.

"Kò lè jẹun nílé wa kó má fún ìyá àgbà ní ìwé náà," ni Asimawu wí. Ó dá a lójú ṣáká. A wọkọ̀ lọ sí Makun-Omi ní Sátidé.

Ìwé náà wà lóòótọ́! Alhaja gbé e jáde nínú àpótí, ó ti fi ọ̀rá wé e, àmọ́ ó dì í mọ́ àyà.

"Àlejò mi ló gbé e sórí tábìlì nígbà tí mo lọ sọ́jà. Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Ó ń bọ̀ wá mú un. N kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án."

Inú bí mi gan-an. "Alhaja, ọdún ọmọ yín ló fẹ́ ṣòfò yìí!"

"Ojú wo ni kí n wá fi wo Ọlọ́run?"

Asimawu kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ má fún mi. Ẹ dì í mú, kí n kàn ṣí èèpo ìwé náà."

Bíró ni òǹkọ̀wé fi kọ nǹkan sí ojú ewé àkọ́kọ́. Asimawu kà á sókè: "Fún ìyá mi, Alhaja Múínátù. Tiyín ni, ẹ máa lò ó."

Alhaja ní, "Tèmi?"

"Tiyín ni, mà."

"Kí ló wá wà nínú ẹ̀? Èmi ò mọ̀wé kà."

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin àti iṣẹ́ ẹja yín."

Omijé bọ́ lójú ìyá náà, èmi náà sì ń nu ojú. Ó na ìwé sí Asimawu, àmọ́ kò jẹ́ kó dìde.

"Wàá mú un lọ. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kọ́kọ́ kà mí sí mi létí."